Bíà Tí Kò Korò Lẹ́nu Ìyá Pamílẹ́rìn

Èmi ni mo mú Ìyá Pamílẹ́rìn lọ síbi tó ti tọ́ bíà wò. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó yáa bú mi tán báyìí, ká lè ráyè sọ̀rọ̀. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ti ṣe tiwọn. Wọ́n ní obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ìyá ìjọ, kí ló ń wá nílé ọtí? Mo ní aṣọ la gbé lọ. Wọ́n ní ṣé aṣọ ló mu bíà ni? Mi ò dá wọn lóhùn mọ́, torí bí mo bá la ẹnu, ìjà ni.

Oyíndà ni orúkọ mi, àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú. Èyí tó dára jù nínú aṣọ mi, àgbàlá Ìyá Pamílẹ́rìn ní Òwu ni wọ́n ti ń pa á láró. Nígbà tí àwọn aláró tó kù ti ń lo kọ́sítíìkì sódà, tí iṣẹ́ ń jáde lọ́wọ́ wọn wéréwéré, Màmá kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ẹ̀lú àti eérú ni ìyá òun fi tọ́ òun, ẹ̀lú àti eérú náà lòun yóò fi darúgbó. Ẹ bá a jiyàn wò, ẹ ó gbọ́ ìtàn ìran yín lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ iṣẹ́ aró, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín kíá. Wọ́n á jó èèpo kòkó títí yóò fi di eérú. Wọ́n á kó eérú yẹn sínú ìkòkò tí wọ́n lu ìdí rẹ̀, wọ́n á máa da omi lé e lórí. Omi tó bá ń kán jáde nísàlẹ̀ ni omi eérú, òun ni wọ́n ń da lé ewé ẹ̀lú tí wọ́n ti gún, títí á fi kẹ̀ tó máa di aró. Bí omi eérú kò bá lágbára tó, aró kò ní mú aṣọ. Bó bá sì le jù, á pa ẹ̀lú, á tún jẹ aṣọ. Kí la wá fi ń mọ èyí tó dọ́gba? Ahọ́n ni. Màmá á ti ìka bọ omi náà, á fi kan ṣóńṣó ahọ́n, á dijú, á tutọ́. Bó bá ta á bó ṣe yẹ, á ní, "Ẹ dà á sí i." Bí kò bá ta á, á ní, "Ẹ tún un sẹ́."

Ahọ́n kan ṣoṣo ló sì ń tọ́ aró wò ní àgbàlá yẹn. Ìyá tó bí Màmá ló fi òfin yẹn lélẹ̀, pé bí ahọ́n méjì bá kan ìkòkò kan, ìjà ló máa dá sílẹ̀ láàárín àwọn aláró. Ohun tí olórí bá ti tọ́ wò, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ tún un tọ́ wò. Èmi tí mò ń wọlé jáde níbẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge, omi eérú kò kan ẹnu mi rí. Ta ló fẹ́ kí wọ́n lé òun?

Ẹni tó ń jó eérú, tó ń sẹ́ ẹ, Ràhámátù ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ìdílé ìmàle oníṣòwò ni, ilé wọn kò jìnnà sí ti Màmá. Láti kékeré ni wọ́n ti jọ wà. Màmá ló ṣàgbà, nítorí náà "ẹ̀gbọ́n mi" ni Ràhámátù ń pè é, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí wọn tí wọ́n jọ ń jẹun, ẹ ò ní mọ ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ bí nínú wọn. Bí Iléyá bá dé, Màmá ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé ẹran fún. Bí Kérésì bá dé, àwọn ọmọ Ràhámátù ló máa kọ́kọ́ jẹun nílé Màmá. Ràhámátù kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀rọ̀ tí Màmá bá sọ ló máa ń tó àwọn méjèèjì.

Ní ọdún tí gbogbo ayé ń fi aṣọ bo imú, ibà kan dá Màmá dùbúlẹ̀. Gbogbo wa ń bẹ̀rù, a ń kí i láti ojú fèrèsé. Ràhámátù nìkan ló ń wọlé tọ̀ ọ́, tó ń se oúnjẹ fún un, tó ń fọ aṣọ rẹ̀. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ó dìde. Ìgbà tó dìde tán ló bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Ata ayé òde òní kò ta mọ́. Iyọ̀ kò níyọ̀ nínú. Àwọn ọlọ́jà ti ba gbogbo nǹkan jẹ́! Àwa náà ń ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá." Ta ló máa jiyàn? Kí ni kò bàjẹ́ ní Nàìjíríà?

Ọ̀rọ̀ wá dé orí omi eérú. Bó bá ti tọ́ ọ wò, á ní kò lágbára, kí Ràhámátù tún un sẹ́. Ràhámátù á tún un sẹ́. Á tún ní kò ì tó. Síbẹ̀ aró ń mú aṣọ dáadáa, àwọn oníbàárà ń rà á, kò sí ẹni tó bìkítà. Àfi àárọ̀ ọjọ́ kan tí Màmá jáde láti ẹ̀yìnkùlé lójijì, tó bá Ràhámátù lórí ìkòkò omi eérú, tó ń fi igbá bu omi kànga dà sí i.

Yéè! Igbe tó ké lọ́jọ́ náà, wọ́n gbọ́ ọ dé mọ́ṣáláṣí. "Ìwọ! Ràhámátù! Ìwọ lò ń bomi la aró mi! Ṣé ìwọ lò ń bà mí lórúkọ jẹ́ láti ọjọ́ yìí?"

Gbogbo wa la sáré jáde. Èmi wà níbẹ̀, mo wá kó aṣọ. Ràhámátù dúró pẹ̀lú igbá lọ́wọ́. Ó rọra sọ ọ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká wọlé ká sọ̀rọ̀."

"Ọ̀rọ̀ kí ló wà nínú yàrá? Sọ ọ́ síta! Sọ ọ́ lójú gbogbo wọn!"

Ràhámátù wo gbogbo wa yíká, lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ó wo Màmá. Ó pa ẹnu dé. Ó gbé igbá sílẹ̀, ó nu ọwọ́ sí ìró, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ameenah, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ya aṣọ ní àgbàlá náà, ju ìyẹ́ tó fi ń ya ẹ̀kọ sí aṣọ nù, ó tẹ̀ lé ìyá rẹ̀. Kí la máa sọ? Ojú kò pa irọ́, omi ló ń dà sí i. Ẹni tó dákẹ́, ṣé kò ti jẹ̀bi ni? Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ ní Òwu, wọ́n ń pè é ní Ràhámátù Abomilà. Nígbà tó ṣe, wọ́n ní ìyá àti ọmọ ti kó lọ sí Ọ̀fàdà, pé ìrẹsì ni wọ́n ń tà níbẹ̀.

Ẹ̀yin rò pé aró wá dára nígbà tí abomilà lọ? Ó kú fin-ín-fin-ín ni. Ẹlòmíràn ń jó eérú, Màmá ń tọ́ ọ wò, ó ń ní kò lágbára, wọ́n ń tún un sẹ́ títí omi yẹn fi ń bó wọn lọ́wọ́. Ìkòkò kan kú, èkejì kú. Aṣọ tó ń jáde ń ya bí ewé gbígbẹ. Màmá ní Ràhámátù ti fi nǹkan sídìí ìkòkò kó tó lọ. Ó gbà á gbọ́ tọkàntọkàn, àwa náà sì gbà á gbọ́.

Ibi tí nǹkan wà nìyẹn nígbà tí Ìkẹ́olúwa wá bá mi. Ọmọ Ẹ̀gbá ni, ó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń pọn bíà ní òkè òkun, ó wá dá ilé ọtí kékeré kan sílẹ̀ ní Ìbarà. Ó ní òun fẹ́ àdìrẹ gidi tí òun máa tẹ́ sórí tábìlì, tí òun máa ta mọ́ ògiri. Mo kó gbogbo aṣọ ẹ̀lú tó kù nílé Màmá. Ọwọ́ Ràhámátù ni gbogbo wọn ti jáde, mi ò kàn sọ ọ́ létí Màmá ni. Màmá ní òun máa bá mi lọ, pé òun fẹ́ rí ibi tí aṣọ òun máa sùn.

Ọ̀sán ni. Ìkẹ́olúwa gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá. Àwọn àgbá irin ńlá tí wọ́n ti ń pọn ọtí ń dán gbinrin lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba mélòó kan láti sẹkitéríàtì ti jókòó, wọ́n wá tọ́ bíà tuntun wò. Ìkẹ́olúwa ní orúkọ bíà náà ni India Pale Ale, ai-pi-éè ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè é. Ó ní àwọn òyìnbó àtijọ́ ló ń fi ọkọ̀ ojú omi kó o lọ sí Íńdíà, tí wọ́n fi òdòdó kan tó korò sí i rẹpẹtẹ kó má bàa bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Mo ní kó bu tèmi wá. Èmi kì í ṣe ìyá ìjọ.

Àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin, ó hó funfun lórí. Mo gbọ́ òórùn ọsàn, mo gbọ́ ti máńgòrò. Mo ní háà, èyí á dùn. Mo gbé e sẹ́nu. Yéè, Olúwa mi! Ewúro tí wọn ò fọ̀ ni! Ojú mi fún pọ̀, etí mi gan-an korò. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń wò mí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ àwọn náà ti fún ojú tiwọn pọ̀ tán. Ìkẹ́olúwa ní gbogbo èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ níṣàájú, kí n tún un mu. Mo tún un mu. Lóòótọ́, adùn kan ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, bí ìgbà téèyàn jẹ orógbó tó wá fi omi lé e.

Màmá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú Fáńtà rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba yẹn bá ní, "Màmá, ṣé ẹ̀yin kọ́ ni aláró Òwu tó ń fi ahọ́n mọ aró? Ẹ bá wa tọ́ ọ wò, ẹ fún un ní máàkì!"

"Èmi kì í mu ọtí."

Ìkẹ́olúwa ní, "Ẹ má gbé e mì, Màmá. Ẹ kàn fi kan ahọ́n."

Ẹni tó bá yin ahọ́n yẹn ti rí Màmá mú. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ó ti ìka bọ inú kọ́ọ̀bù, ó fi kan ṣóńṣó ahọ́n, ó dijú. Gbogbo wa na ọrùn, à ń retí kí ojú rẹ̀ fún pọ̀. Ó la ojú, ó ní, "Omi lásán ni. Wọ́n ti rẹ́ ọ jẹ."

Ẹ̀rín pa wá. Ṣùgbọ́n ojú Ìkẹ́olúwa kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Ó ní, "Màmá, kò sí èyí tó korò tó o nínú gbogbo bíà tí mo ní." Inú bí Màmá. Ó gbé kọ́ọ̀bù, ó gba ẹ̀kún ẹnu kan, ó gbé e mì gbìn-ín. "Mo ní kò korò! Kò korò, kò dùn. Omi tútù ni." Ọ̀kan pariwo pé ahọ́n irin ni Màmá ní, wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi náà ń pàtẹ́wọ́, àfi ìgbà tí mo rí i pé Màmá kò bá wa rẹ́rìn-ín. Ojú mi ló ń wò, ojú mi tó ṣì fún pọ̀. Ó wo ti ọkùnrin yìí, ó wo ti ọ̀hún.

"Oyíndà, ó korò lẹ́nu tìrẹ?"

"Ó korò, Màmá."

"Má tàn mí."

"Bí ewúro ni, Màmá. Mi ò tàn yín."

Ó tú kókó etí ìró rẹ̀, ó mú orógbó kan jáde, kì í rìn láìsí i. Ó gé e jẹ. Ó ń rún un, ó ń rún un, ojú rẹ̀ kò fún pọ̀ rárá. Ó nawọ́ èyí tó kù sí mi. Mo jẹ ẹ́. Ẹ mọ bí orógbó ṣe ń rí lẹ́nu. Ojú mi tún fún pọ̀, ó sì rí i. Omijé bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú ìyá arúgbó láàárín àwọn ọlọ́tí, kò nù ún. Ohun tó sọ kò ju, "Ràhámátù. Hà, Ràhámátù mi."

Àárọ̀ ọjọ́ kejì la wọ ọkọ̀ Ọ̀fàdà. Nínú ọkọ̀, ó ń dá sọ̀rọ̀. "Eérú rẹ̀ dára. Ahọ́n mi ló ti kú. Màá bẹ̀ ẹ́." Nígbà tó yá ó ní, "Ṣùgbọ́n mo rí i, Oyíndà. Ó ń da omi sí i. Ojú mi kò fọ́." Mo ní a máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ameenah la kọ́kọ́ rí, ó ń fẹ́ ìrẹsì níwájú ilé. Ọmọ tó máa ń kúnlẹ̀ gbọọrọ tẹ́lẹ̀ ló dúró ṣánṣán. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀," ó padà sí atẹ rẹ̀. Ràhámátù jáde síta. Kó tó kí wa, Màmá ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Àgbà tó ju Ràhámátù lọ! Ràhámátù ké, "Á-à! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde! Ṣé ẹ fẹ́ kí n kú ni?"

"Mi ò dìde. Ahọ́n mi ti kú, Ràhámátù. Àná ni mo mọ̀. Kò sóhun tó ṣe eérú rẹ."

Ràhámátù ní, "Mo mọ̀."

Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e dìde, ó gbé e jókòó sórí bẹ́ǹṣì. "Ẹ rántí ọbẹ̀ ewúro tí mo gbé wá fún yín nígbà tí ibà yẹn ń lọ? Mi ò fọ ewúro náà dáadáa. Ìgbà tí mo dé ilé tí mo bu tèmi, mo tu ú dànù. Mo sáré padà wá pé kí ẹ má jẹ ẹ́. Mo bá yín tí ẹ ti jẹ ẹ́ tán, ẹ ń lá ọwọ́. Ẹ ní, 'Ràhámátù, ọbẹ̀ yìí dùn.'"

Màmá fi ọwọ́ kan ẹnu ara rẹ̀.

"Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tọ́ omi eérú wò lẹ́yìn yín. Mo mọ̀ pé èèwọ̀ àgbàlá ni. Bí ẹ bá ní kí n tún un sẹ́, màá tún un sẹ́. Bí ẹ bá wọlé tán, màá bomi là á kó padà sí bó ṣe yẹ. Ohun tí ẹ bá mi tí mò ń ṣe nìyẹn."

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Ẹ ní kí n sọ ọ́ síta. Ṣé kí n dúró lójú gbogbo àgbàlá, kí n ní ahọ́n ìyá wọn ti kú? Ta ló tún máa gbé aṣọ wá fún yín?"

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Ameenah da atẹ ìrẹsì sílẹ̀. "Ìdílé ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ mi níjọ́sí, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ ọmọ Abomilà. Màmá, ẹ bá mi gbé ọkọ yẹn padà wá ná." Ìyá rẹ̀ ní kó dákẹ́. Kò dákẹ́, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, Màmá sì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì.

Ràhámátù wọlé, ó gbé oúnjẹ jáde, ìrẹsì Ọ̀fàdà pẹ̀lú ọbẹ̀ ata tútù lórí ewé. Ó jókòó ti Màmá. Bí Màmá ṣe gbé òkèlè àkọ́kọ́ sẹ́nu, Ràhámátù ní, "Ata rẹ̀ ta díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Iyọ̀ rẹ̀ dọ́gba. Irú inú rẹ̀ ń ta sánsán." Màmá ń jẹ, ó ń sunkún, Ràhámátù ń sọ bó ṣe rí lẹ́nu fún un títí oúnjẹ fi tán. Mo ti rí ìfẹ́ láyé mi, mi ò rí irú ìyẹn.

Màmá ní, "Padà wá sílé."

"Rárá, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti dárí jì yín, Ọlọ́run gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kò lè wọ àgbàlá yẹn mọ́. Gbogbo wọn dúró lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò béèrè lọ́wọ́ mi." Ó wo èmi náà. Mo wolẹ̀.

Nígbà tí a padà dé Òwu, Màmá kó gbogbo aláró jọ síbi tó ti lé Ràhámátù gan-an. Ó sọ ọ́ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fi ọ̀kan pa mọ́. Ó ní kí wọ́n dojú ìkòkò aró dé. Ẹnì kan ní kí ẹlòmíràn máa tọ́ ọ wò. Ó ní ẹni tó mọ̀ ọ́n tọ́ wò wà ní Ọ̀fàdà, ó ń ta ìrẹsì. Kọ́sítíìkì sódà ni wọ́n ń lò níbẹ̀ báyìí. Ìkẹ́olúwa ṣì ń pọn bíà rẹ̀, àwọn aṣọ Ràhámátù ṣì wà lórí tábìlì rẹ̀, wọn ò tíì ṣá. Bí mo bá dé ibẹ̀, nǹkan mìíràn ni mò ń mu.

Ràhámátù máa ń pe Màmá lórí fóònù. Mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ kan tó pè, Màmá ń jẹun lọ́wọ́. Mo gbọ́ ohùn Ràhámátù nínú fóònù, ó ní, "Kí lẹ̀ ń jẹ, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ìrẹsì ni."

"Ó dùn?"

Màmá wo àwo náà títí. Ó ní, "Ta ni kí n bi, Ràhámátù?"